Ẹ Má Ṣe Bínú Lónìí

“Ẹ na ọrùn síta díẹ̀ sí i, Ìyá. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá kan ara.”

Àwẹ̀ró na ọrùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìgbóná sí i lọ́rùn bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì dún píì. Ó tàn, ó funfun báláú.

“Háà! Funfun báyìí? Ìyá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti kú nílé kí ẹ tó máa bọ̀?”

“Òkú kì í pọ́n òkè wá wo bọ́ọ̀lù. Mú ọwọ́ kúrò lọ́rùn mi.”

“Kí lẹ wá fi há àyà? Ó ń rùn bí igbó.”

“Ọ̀dúndún ni.”

“Kí niṣẹ́ rẹ̀?”

“Ó ń tu ni lára. Àbí òfin yín tún ti ní kára ènìyàn má tutù ni?”

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ní kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ títí fèrè ìkẹyìn á fi dún. Ṣùgbọ́n mò ń rí yín o. Látàárọ̀ ni mo ti ń so ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó bá ti jẹ́ ará Òkè-Ọrọ́, funfun ni. Ewé lábẹ́ aṣọ, yìnyín lẹ́nu. Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Bọ́ọ̀lù la wá wò.”

“Bọ́ọ̀lù,” ni ẹ̀ṣọ́ náà wí, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ oúnjẹ kan tí aráyé kò sè mọ́ fún.

Àwẹ̀ró di ìró rẹ̀ mú, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Eékún rẹ̀ ń ké, ṣùgbọ́n kò dúró. Ìgò ló kọ́kọ́ wò, torí kò sẹ́ni tí í wọ pápá láyé yìí tí kì í kọ́kọ́ wo Ìgò. Ó dúró sáàárín àwọn ìjókòó, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, díńgí ni láti òkè délẹ̀, omi pupa tó wà nínú rẹ̀ kò ga ju kókósẹ̀ lọ lásìkò yẹn. Lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n fa ilà dúdú kan sí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ènìyàn bá ṣe ń gbóná ni omi pupa náà ṣe máa ń gòkè. Bó bá kọjá ilà dúdú kí fèrè ìkẹyìn tó dún, ohunkóhun tí Ẹlẹ́nu, akọ̀ròyìn tó ń sọ bọ́ọ̀lù, bá ti so mọ́ ọjọ́ náà ti di òfin.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ibí yìí, ibí yìí!” Lásísì ló ń pè é. Ó ti fi gèlè ìyàwó rẹ̀ gba àyè sílẹ̀ fún un. Lásísì Panápaná ni gbogbo ìlú ń pè é, torí iṣẹ́ panápaná ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì jẹ́ pé kò sí ẹni tí iná tètè ń ran lára rẹ̀ tó o ní gbogbo Òkè-Ọrọ́.

“O jẹ yìnyín?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Mo jẹ ẹ́ títí eyín mi fi kú.”

“O mu omi ìgbín?”

“Mo mu ún, mo tún fi ìyókù pa àyà. Ìyàwó mi ní tí mo bá tún rùn báyìí wá sílé, ìta ni mo máa sùn.” Ó tẹ̀ síwájú. “Ìyá, ẹ bú mi díẹ̀ kí n fi gbáradì.”

Àwẹ̀ró wò ó láti òkè délẹ̀. “Imú rẹ rí bí ìdí abọ́ tó jó.”

“Ẹ ṣé o, Ìyá.”

“Orí rẹ kò gba fìlà, àfi kí wọ́n dáṣọ bo odindi ahéré.”

“Olúwa á san án fún yín.”

Àwọn tó jókòó yí wọn ká bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ ara wọn nìyẹn láti ìgbà tí òṣù ti lé. Nílé Àwẹ̀ró ni gbogbo olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́gùn-ún, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Òkè-Ọrọ́, ti ń pàdé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa bú ara wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá bú á dúpẹ́. Ẹni tó bá ranjú, wọn á da omi tútù lé e lórí. Lásísì nìkan ni wọ́n da omi àmù méjì tán lé lórí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò ju ọ̀kan lọ. Ìdí náà ló dúró lẹ́nu àwọ̀n nísàlẹ̀ yẹn, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, tó ń tọ sókè-sódò láti na ẹsẹ̀. Láoyè ni, aṣọ́lé Ẹlẹ́gùn-ún, ọmọ ọmọ Àwẹ̀ró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Ẹlẹ́nu Tẹ̀là ti dì mọ́ ọn. Góòlù kan péré ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ń yọ̀, Tẹ̀là sì sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Epo. Orúkọ náà gbilẹ̀. Wọ́n ń pè é lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí òṣù lé ni Tẹ̀là wá la ẹnu, ó ní bí Ìgò bá fi lè kọjá ilà lónìí, Láoyè ọmọ Amúgbà ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ohun tí Ẹlẹ́nu bá so mọ́ Ìgò, kò sẹ́ni tó lè tú u. Kò sí pápá kan láti ibí títí dé etí òkun tí yóò gba ọmọ náà wọlé mọ́, ẹnu kankan kò sì ní gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n bí Ìgò kò bá kọjá ilà, Tẹ̀là ló máa kúrò lórí àga. Ẹlẹ́nu tí kò bá lè mú Ìgò pọ́n, kí ni Àjọ tó ni gbogbo pápá fẹ́ fi ṣe? Kò tíì sí ìlú kan tó ṣe é rí.

Lásísì ti kọ́kọ́ ní kí gbogbo wọn jókòó sílé. Àwẹ̀ró ló rán an létí Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn yẹn jókòó sílé. Àjọ wò, wọ́n ní pápá tó bá ṣófo, kò ní olólùfẹ́, wọ́n fa ojú àwọ̀n tu, wọ́n to díńgí tí í fi oòrùn pèsè iná sí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Títí dòní, bí ará Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń kọjá níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ wá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bínú.

Fèrè dún, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Etídò, ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ odò, ni wọ́n jọ ń gbá a. Kò pẹ́ rárá tí àwọn lámilámi fi dé. Orúkọ tí aráyé fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké náà nìyẹn, torí bí lámilámi ni wọ́n ṣe ń fò, wọn kò sì tóbi ju ọmọ ìka lọ. Wọ́n tú jáde láti inú ilé díńgí tí Tẹ̀là jókòó sí lókè ọ̀kánkán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wá etí ẹni tirẹ̀. Ohùn Tẹ̀là ló ń ti inú gbogbo wọn jáde, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún Lásísì kọ́ ló ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìdílé kálukú. Ó mọ ibi tó ń dun kálukú.

“Lásísì,” ni lámilámi náà wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti àbúrò ẹni, “mo rántí iná tó jó ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Ta ló gbàgbé láti bu omi kún ọkọ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹgbẹ́ tí irú rẹ ń kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú, báwo ni aṣọ́lé wọn ò ṣe ní máa wo góòlù bí ẹni ń wo iná?”

Àwẹ̀ró rí i tí iṣan ọrùn Lásísì yọ. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe ráńpẹ́ bí ẹni fẹ́ pọ́n. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ ṣé o,” ni Lásísì wí láàárín eyín. “Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ bá mi kí ìyá yín.”

“Má fi kún un,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Ìyá rẹ̀ ni mo kí, Ìyá. Ìkíni ni.”

Lámilámi ti Àwẹ̀ró náà ti dé etí rẹ̀. “Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ọmọ yín obìnrin ló bí Ọlọ́wọ́ Epo, àbí? Èyí tó kú sínú ìrọbí. Gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ sáyé nìyẹn. Ṣé irú èyí ló tó kí ènìyàn kú fún?”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Kì í ṣe pé kò wọlé. Ó gba etí rẹ̀ lọ sí ibi kan nísàlẹ̀ ikùn tí Àwẹ̀ró ti fi odindi ọdún bí i mélòó kan kọ́ ògiri sí. Ṣùgbọ́n arúgbó ni, ó ti sunkún ọmọ rẹ̀ títí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ó fà á sínú, ó gbé ojú sókè, ó rántí bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti fọ́jú nígbà tí Àwẹ̀ró ṣì kéré, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, wọn á gbé rédíò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ̀ròyìn kan á máa sọ bọ́ọ̀lù láti Ìbàdàn. Bí akọ̀ròyìn bá ní bọ́ọ̀lù wà lápá ọ̀tún, bàbá á yí orí sí ọ̀tún. Bó bá ní ó wà lókè, bàbá á gbójú sókè. Ojú ni akọ̀ròyìn ayé ìgbà yẹn jẹ́ fún àwọn tí kò lójú. Nígbà tó yá, àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i pé ẹni tó bá gbọ́ ìyìn á rẹ́rìn-ín, á sì lọ jẹun. Ẹni tó bá gbọ́ èébú kì í lọ. Á dúró, á fèsì, á pe ẹ̀gbọ́n, á pe àbúrò, á ní ẹ wá gbọ́ ohun tí wèrè yìí ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni èébú ṣe di ọjà lójú Àwẹ̀ró, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń dàgbà mọ́ni lójú tí a kì í rí i. Òun náà wà lára àwọn tó fèsì. Ta ni kò fèsì?

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ni ó wí fún lámilámi. “Mo ti gbọ́.”

Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Bọ́ọ̀lù ń lọ. Wọ́n sinmi, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mì ni, kò sẹ́ni tó gbá nǹkan kan wọlé. Gbogbo ibi ìjókòó sì kún fún ọpẹ́: ẹ ṣé o, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísè ń fi ẹ̀pà lọ lámilámi tirẹ̀. Ó ní, “Gba èyí jẹ, ọ̀fun rẹ á ti gbẹ.” Omi pupa inú Ìgò gòkè díẹ̀, ó dúró. Ó tún gòkè bí ìka kan, ó dúró pátápátá. Àwẹ̀ró wo ilé díńgí lókè lọ́hùn-ún. Ó rí Tẹ̀là tó bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí.

“Ìyá,” ni Lásísì wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìrètí gbọ́ ohùn òun kó sá, “ó ń làágùn.”

“Má wò ó.”

“Ọkùnrin yẹn ń làágùn, Ìyá! Látọjọ́ tí mo ti dáyé!”

“Má wò ó, Lásísì. Ayọ̀ náà ń gbóná.” Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ó kù díẹ̀ kí fèrè ìkẹyìn dún ni ọmọ Etídò kan gba bọ́ọ̀lù kọjá àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, tó wá ku òun àti Láoyè nìkan. Láoyè jáde, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà dípò bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ṣubú. Rẹfirí sáré dé, ó nawọ́ sí àmì funfun tó wà níwájú àwọ̀n. Pẹ́nárítì.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Gbogbo wọn gbé yìnyín sẹ́nu. Ìgò kò mì.

Nígbà náà ni Tẹ̀là fi àwọn ará ìlú sílẹ̀. Gbogbo lámilámi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí eṣú, wọ́n fò lọ bá Láoyè lẹ́nu àwọ̀n, wọ́n bò ó lórí, léjìká, létí. Àwọn tó wà lókè kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Wọ́n kàn rí ọmọ náà tó dúró gbagidi, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n rí i tó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ilà góòlù, ó gbé orí sáàárín eékún.

“Kí ló ń ṣe?” ni Lásísì wí. “Láoyè ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ìyá, ó fẹ́ jáde!”

Gbogbo wọn ló mọ òfin náà. Aṣọ́lé tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí fèrè tó dún ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí ayé nìyẹn, Ìgò pọ́n tàbí kò pọ́n. Ohun tí Tẹ̀là kò rí gbà lọ́wọ́ ìlú, ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Láoyè dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí pápá.

Àwẹ̀ró ti mọ ìrìn yẹn. Báyìí ló ṣe ń rìn nígbà tó wà lọ́mọdé tí ibà bá mú un, bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dá a padà nígbà náà. Àwẹ̀ró wo Ìgò, ó rí bí ilà dúdú ti jìnnà sí omi pupa. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìbínú ni ìlẹ̀kẹ̀ ń wọ̀n. Èyí kì í ṣe ìbínú. Ó dìde.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jókòó!” Lásísì fà á láṣọ. “A ti jọ búra pé ẹnikẹ́ni ò ní pariwo.”

“N ò fẹ́ bínú, Lásísì. Orí ọmọ mi ni mo fẹ́ pè.”

Ó la ẹnu, ó fi oríkì Láoyè pè é. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n kò sí ariwo kan ní pápá yẹn tó lè bò ó mọ́lẹ̀, torí gbogbo lámilámi ti lọ, ìlú sì dákẹ́.

“Àdìgún o! Àdìgún!
Ọmọ Amúgbà tí í gun ọ̀pẹ bí ẹni gun àkàsọ̀.
Afẹ́fẹ́ fẹ́, ọ̀pẹ mì,
Ọ̀pẹ mì, bàbá rẹ ò mì.
Ọwọ́ tó gbá ìdì ẹyìn mú lókè kì í jẹ́ kó kanlẹ̀...”

Láoyè dúró.

“Àdìgún, ọmọ ọlọ́wọ́-má-jàá,
Ọmọ ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nílẹ̀,
Tí wọ́n ní kó wá sọ̀, tó ní ojú òun ṣì ń wo Ìlọrin...”

Ó yíjú padà. Àwẹ̀ró rí i tí èjìká ọmọ náà gbéra. Orí rẹ̀ ń wú, kò sẹ́ni tí kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu àwọ̀n, ó ń gbọn àwọn lámilámi dànù lára bí ajá ṣe ń gbọn omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé Amúgbà kì í ṣe ilé ènìyàn kan. Ìdajì Òkè-Ọrọ́ ló ti ibẹ̀ jáde, ìdajì yòókù ló fẹ́ ọmọ wọn. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń pe ẹnì kan, gbogbo ìlú ló ń jẹ́. Lásísì gan-an, ilé Amúgbà ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ó ti dìde dúró, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń gbè é lẹ́yìn láìmọ̀: “Bẹ́ẹ̀ ni! Ọ̀pẹ mì, bàbá rẹ ò mì!” Ẹlẹ́pà sísè ti ju àtẹ sílẹ̀. Àwọn arúgbó tí wọn kì í dúró ti dúró. Orí gbogbo wọn wú, àyà gbogbo wọn gbóná, ọ̀dúndún sì rọ mọ́ wọn lábẹ́ aṣọ.

“Ìyá,” ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. “Ìyá, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ yín.”

Ó wolẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó wo ti Lásísì, ó pọ́n. Ó wo gbogbo ibi ìjókòó, ọrùn lórí ọrùn, pípọ́n lórí pípọ́n, àwọn tí wọ́n ti bú láti ọ̀sán tí wọn kò yí padà. Ó gbójú sókè. Omi inú Ìgò ti kọjá agbedeméjì, ó ń gòkè bí epo tó ń hó.

“Ẹ dákẹ́!” ni Lásísì ké. “Ẹ dákẹ́! Nǹkan yìí ò mọ ìyàtọ̀ ìbínú àti ìwúrí! Ìyá, ẹ dá a dúró!”

Ọmọ Etídò ti gbé bọ́ọ̀lù sórí àmì funfun. Ó ń fẹ̀yìn rìn láti gba àyè. Láoyè wà lẹ́nu àwọ̀n, ojú rẹ̀ kò sí lára bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ wà lókè, lára ìyá rẹ̀ àgbà, ó ń dúró de ìyókù.

Bí ó bá dákẹ́ báyìí, omi náà lè dúró. Àwẹ̀ró mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ti kọ́ ọ, kó tó mọ iyán gún, pé a kì í pe orí ènìyàn dé agbedeméjì ká fi í sílẹ̀. Orí tí a pè tí a kò mú délé, ìta ló ń sùn. Ó ti rí ọmọkùnrin kan rí tí wọ́n dá oríkì rẹ̀ dúró lẹ́nu, bó ṣe rìn gbéregbère títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, òun fi Láoyè sílẹ̀ fún àwọn tó wà létí rẹ̀. Bí òun bá parí rẹ̀, òun fi í fún Ìgò.

Ó di ọwọ́ ìjókòó iwájú mú. Ó parí rẹ̀.

“Àdìgún, ilẹ̀ ò gbà á lọ́wọ́ rẹ,
Òfurufú ò gbà á lọ́wọ́ rẹ,
Ohun tí ọmọ Amúgbà bá ti fọwọ́ kàn, ilé ló ń bá a lọ.
Àdìgún, padà sílé. Ìyá rẹ ń pè ọ́.”

Ọmọ Etídò gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò bí òkò sí igun òkè lápá òsì. Láoyè gbéra nílẹ̀, ó na ara bí okùn igbà, ó gbá a mú. Kò tì í dànù, kò fi ìka kàn án lásán, ó gbá a mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní òfurufú, ó sì gbé e wálẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Àwẹ̀ró kò rí irú rẹ̀ rí láyé. Gbogbo ìlú fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgò ti kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ilà dúdú. “Ẹ má yọ̀!” ni Lásísì ń bẹ̀ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe, ẹ má yọ̀!” Wọ́n ń gbìyànjú. Ẹlẹ́pà sísè jókòó sílẹ̀, ó ń gbá orí mọ́ eékún. Bàbá arúgbó kan ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan, bọ́ọ̀lù lásán ni. Ta ló lè pàṣẹ fún ayọ̀ pé kó tutù? Wọ́n pa á mọ́ra, ó sì ń gbóná sí i bí ìkòkò tí a dé.

Omi pupa kan ilà. Ó kọjá.

Fèrè dún lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ Láoyè kúrò lára pátákó ńlá tó wà lókè pápá, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ nu ojú tábìlì. Ẹ̀ṣọ́ méjì wọ inú pápá, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìbọ̀wọ́, wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù. Kò bá wọn jà.

Lámilámi kan ṣoṣo padà wá bá Àwẹ̀ró. Ó fò dúró síwájú ojú rẹ̀.

“Màmá,” ni Tẹ̀là wí, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀ mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé. “Ẹ ṣeun. Àga ti ń yẹ̀ mọ́ mi nídìí.”

“Ojú rẹ rí i,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ọmọ yẹn mú bọ́ọ̀lù. Ìwọ náà rí i.”

“Mo rí i. Kò sí aṣọ́lé mìíràn tó lè mú èyí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, Màmá, bóyá jù yín lọ.”

“Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n dá a padà.”

“Ta ló máa gbóná bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀?” Lámilámi náà sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. “Èébú ti ń sú aráyé, ẹ ti fi hàn wá lónìí. Àjọ ti ń wá ohun mìíràn láti bí ọdún kan. Kò sẹ́ni tó rò ó dé ibi tí ẹ rò ó dé. Wọ́n ti gba ohùn yín sílẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀, àbí? Ìlú kọ̀ọ̀kan?”

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé Àwẹ̀ró. Lásísì ló kọ́kọ́ yé. Ó jókòó gbì.

“A kàn fẹ́ dán an wò,” ni Tẹ̀là wí.

Nígbà tí lámilámi náà tún máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn Tẹ̀là mọ́. Ohùn Àwẹ̀ró ni, gbígbó rẹ̀ àti gbígbọ̀n rẹ̀, títí dé ibi tí eyín tó yọ ti ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá jáde.

“Àdìgún o! Àdìgún! Ọmọ Amúgbà...”

Ó dún láti orí gbogbo òpó pápá. Lórí ìjókòó, àwọn tó ti ń ṣẹ́ omijé gbé orí sókè láìfẹ́. Àyà wọn gbóná. Àwẹ̀ró pàápàá, ara rẹ̀ kò bi í kó tó dáhùn, orí rẹ̀ wú láàárín ìbànújẹ́ rẹ̀.

Láoyè ti dé etí pápá, ó ti wọ ẹnu ọ̀nà àbájáde pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì náà. Ó gbọ́. Ó dúró, ó yíjú padà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n pè wọlé wá jẹun, ó ń wá ìyá rẹ̀ àgbà láàárín èrò títí ó fi rí i.

Ó wò ó. Ohùn náà ń pè é, ó ń dùn, ó ń wá láti ibi gbogbo. Ẹnu Àwẹ̀ró sì wà ní pípadé.